Mo ti kọ X-Priority: 1 sí ímeèlì, kí ló dé tí Gmail ọ̀gá mi ò kà á sí?

Ìbéèrè tí àbúrò kan fi ránṣẹ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ìbàdàn ni mo wà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja inú yìnyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, cold room mẹ́ta la ní. Mo gbé Raspberry Pi kan (kọ̀ǹpútà kékeré) síbẹ̀, mo kọ script Python tó ń wo bí inú ẹ̀ ṣe tutù sí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ooru bá ti ń wọ ibẹ̀ á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi àti akáúńtáǹtì wa. Mo kọ X-Priority: 1 sí i, ìlà tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ kíákíá ni. Lórí Outlook akáúńtáǹtì àmì pupa ń hàn, lórí Gmail tó wà nínú fóònù ọ̀gá kò sí nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá iná lọ lóru, aago tó wà lára ímeèlì jẹ́ 2:10, 2:47 ló wọlé, ọ̀gá ò sì rí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Páálí kòtè méjìlá ti rọ̀. Ìlà wo ló kù tí mo máa kọ tí Gmail á fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kíákíá ni, tí ímeèlì yẹn á sì máa yára ju àwọn yòókù lọ? Àbí kí n kúkú fi í sí gbogbo ímeèlì tí script bá ń rán?"

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, páálí méjìlá kì í ṣe nǹkan kékeré lásìkò yìí. Kí n tètè sọ ọ́ kí o má bàa máa wá a kiri: kò sí ìlà kankan tó kù. Èyí tó o kọ yẹn náà ni, a lè fi ọ̀kan tì í lẹ́yìn, mo ń bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí o máa kọ tí Gmail á fi gbé àmì pupa jáde, kò sì sí èyí tí o máa kọ tí ímeèlì á fi sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o di ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀, o wá ń wá kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó máa ṣí ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báwo ni ẹni tó gba ímeèlì ṣe máa mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, ìyẹn ọ̀kan. Báwo ni ímeèlì ṣe máa tètè dé, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Èyí tó kẹ́yìn o ò tiẹ̀ bi mí ní tààrà, òun gan-an ló sì ń dùn ọ́: báwo lèèyàn ṣe máa jí ní aago méjì òru. X-Priority mọ̀ díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, kò mọ nǹkan kan nínú èkejì, ti ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Ṣé o ti fi ẹrù ránṣẹ́ ní gáréèjì rí, wéébìlì tí a máa ń ṣe yẹn? Jẹ́ ká sọ pé o kó ẹrù sínú páálí, o kọ lẹ́tà sí ẹni tó máa gbà á, o kọ KÍÁKÍÁ gàdàgbà gadagba sórí lẹ́tà yẹn, o fi lẹ́tà náà sínú páálí, o wá fi sẹ́lótéèpù dì í pa. Dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin, ṣé ó máa tú páálí rẹ ni? Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó wà lára páálí ló ń wò, mọ́tò á sì kún kó tó gbéra. Bí ímeèlì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tí script rẹ bá ń bá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ímeèlì kiri, sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ sọ MAIL FROM, ìyẹn ẹni tó ń rán an, á sọ RCPT TO, ìyẹn ẹni tó ń lọ bá, lẹ́yìn náà á sọ DATA, ìgbà yẹn ló tó máa da gbogbo ímeèlì lé server lọ́wọ́ látòkè délẹ̀. Subject, From, To, X-Priority, àwọn ìlà òkè tí wọ́n ń pè ní hẹ́dà, inú DATA ni gbogbo wọn wà, inú páálí. Server tó ń gbé e kiri, ohun tó wà lára páálí ló fi ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́ wọ́n máa ń tú inú ẹ̀ wò bóyá jìbìtì ni, àmọ́ wọn kì í tú u láti mọ ẹni tó yẹ kó ṣáájú. Postfix tó ń gbé ímeèlì lórí ọ̀pọ̀ server kì í wo X-Priority láti fi tò wọ́n sórí ìlà. Sendmail àtijọ́ ní hẹ́dà kan tó ń jẹ́ Precedence tó lè fi yí ipò ímeèlì padà lórí ìlà, ṣùgbọ́n inú ọgbà tirẹ̀ nìkan nìyẹn, tó bá ti kúrò níbẹ̀ ó parí. Tí o bá sì rò ó dáadáa, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ jàre. Tó bá jẹ́ pé téèyàn bá ti kọ 1 ímeèlì á máa fò, ta lo rò pé ó máa kọ́kọ́ kọ ọ́? Àwọn tó ń polówó oògùn tó ń mú irun hù ni.

Ibi tí àwọn ìlà yìí ti wá ló fà á tí wọ́n fi rí jákujàku. Ìwé òfin ímeèlì tí wọ́n kọ ní 1982, RFC 822, kò sọ̀rọ̀ priority rárá, ó kàn ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi ìlà tara ẹ̀ kún un fi X- síwájú ẹ̀. Ni àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ímeèlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn kún un, ibẹ̀ la ti rí X-Priority, 1 ló ga jù, 3 ni àárín, 5 ló kéré jù, Microsoft náà gbé X-MSMail-Priority tiẹ̀ wá, ìyẹn ń sọ High, Normal, Low. Lápá ibòmíì, ètò ímeèlì kan wà tí wọ́n ń pè ní X.400, òun ní tiẹ̀ ní priority nínú látilẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kí X.400 àti ímeèlì íntánẹ́ẹ̀tì lè gbọ́ èdè ara wọn ni wọ́n mú àwọn ìlà tó wà nínú RFC 2156 ti oṣù kìíní 1998 wá, Importance, tó jẹ́ low, normal tàbí high, àti Priority lásán, tó jẹ́ non-urgent, normal tàbí urgent. Ó wá di pé ìlà mẹ́rin ló ń sọ nǹkan kan náà, olúkúlùkù sọ́fítíwíà sì ń mú èyí tó wù ú. Má sì gbàgbé pé 1 ló ga o. Mo mọ ẹnì kan tó ń kọ 5 torí ó rò pé bíi máàkì ìdánwò ni, oṣù bíi mẹ́rin ni gbogbo àlááàmù ẹ̀ fi ń wọlé pẹ̀lú ọfà kékeré tó dojú kọ ilẹ̀, ìyẹn "èyí ò ṣe pàtàkì", ó sì ń bínú pé àwọn èèyàn ò ka òun sí.

Kí n má parọ́ fún ọ, wọ́n ti gbìyànjú láti kọ KÍÁKÍÁ sára páálí gan-an rí. RFC 6710 ni, ọdún 2012, MT-PRIORITY ni wọ́n ń pè é, server á máa sọ nọ́ńbà kan láti -9 dé 9 fún server kejì kó tó gbé ẹrù lé e lọ́wọ́. Àwọn bí ológun àti àwọn tó ń bójú tó pàjáwìrì ló wà fún, àwọn tó ni gbogbo server tó wà lójú ọ̀nà, torí ẹni tí kò bá gbà láàárín ọ̀nà ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Fi EHLO, ọ̀rọ̀ ìkíni láàárín àwọn server, kí server Gmail wò, á ka ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe fún ọ, o ò ní rí MT-PRIORITY níbẹ̀.

Ó dáa, kóòdù. Tó bá jẹ́ EmailMessage lò ń lò nínú Python, ìlà méjì ti tó, msg["X-Priority"] = "1" àti msg["Importance"] = "high". Outlook mọ méjèèjì, Thunderbird náà máa ń ka X-Priority. X-MSMail-Priority tí o máa rí nínú gbogbo àpẹẹrẹ táwọn èèyàn ń dà kọ, fi í sílẹ̀, torí SpamAssassin, sọ́fítíwíà tó ń mú ímeèlì pàǹtírí (spam), ní òfin kan tó ń jẹ́ MISSING_MIMEOLE, tó bá rí X-MSMail-Priority tí kò sì rí X-MimeOLE tí sọ́fítíwíà Microsoft máa ń kọ tẹ̀ lé e, ó lè fi máàkì kún máàkì spam rẹ, ó dà bí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù láìní káàdì ìdánimọ̀. Nǹkan kan wà tó máa ń mú àwọn èèyàn ní Python: tí o bá kọ msg["X-Priority"] = "3" lẹ́yìn tí o ti kọ "1", kì í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ṣe ló ń fi èkejì tì í, ímeèlì rẹ á wá ru X-Priority méjì lọ, sọ́fítíwíà tó bá gbà á á mú èyí tó wù ú. Tó bá jẹ́ Subject lo ṣe bẹ́ẹ̀ sí, á pariwo ValueError, ìyẹn sàn, ó kéré tán o ti mọ̀. Nítorí náà má tọ́jú msg kan máa lò ó nínú loop, dá tuntun ní gbogbo ìgbà.

Fún àwọn tí kì í lo Python tó ń kà á: mail() ti PHP, inú ohun kẹrin tí wọ́n ń kó fún un ni hẹ́dà ń lọ, PHPMailer ní $mail->Priority = 1 ní tiẹ̀, PowerShell ní -Priority High lára Send-MailMessage, àmọ́ Microsoft fúnra wọn ti ní káwọn èèyàn má fi Send-MailMessage bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun mọ́. Tó bá jẹ́ sendmail -t lò ń da ọ̀rọ̀ sí láti inú shell, ṣọ́ ìlà òfìfo, torí ìlà òfìfo àkọ́kọ́ ló pín hẹ́dà àti ọ̀rọ̀ níyà, tí o bá kọ X-Priority sábẹ́ ẹ̀ ó ti di ara ọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á á kàn rí "X-Priority: 1" nínú lẹ́tà á máa ṣe kàyéfì. Mailx, àṣẹ míì tí wọ́n fi ń rán ímeèlì láti inú shell, náà ní wàhálà tiẹ̀ torí ẹ̀yà ẹ̀ pọ̀, lórí bsd-mailx -a ni wọ́n fi ń kọ hẹ́dà, lórí s-nail -a kan náà ni wọ́n fi ń so fáìlì mọ́ ímeèlì, ẹni tó bá gbé script láti orí ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn á sọ pé ayé ń ṣe òun.

Gmail wá ńkọ́? Ṣe bí mo ṣe sọ yìí ná: ṣí ímeèlì yẹn lórí kọ̀ǹpútà, tẹ àmì ẹ̀kán mẹ́ta, mú "Show original". O máa rí X-Priority: 1 níbẹ̀, ó pé pérépéré, Gmail ò yọ ọ́ dànù. Kò kàn kà á sí ni. Àmì tí Gmail ń pè ní pàtàkì, èyí tó yẹ́lò yẹn, ìwà ẹni tó ni àpótí ló fi ń pinnu ẹ̀, ta lo máa ń fèsì sí, kí lo máa ń ṣí, kí lo máa ń parẹ́ láìkà, bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe é látìgbà tí wọ́n ti gbé Priority Inbox jáde ní 2010. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀gá rẹ ni pàtàkì wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Ó lè bí ọ nínú, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn o. Fíltà Gmail ò sì ní ibi tí o ti lè sọ pé "tí X-Priority bá jẹ́ 1, ṣe báyìí", kò gbà kí o mú hẹ́dà tó wù ẹ́. Ohun tó gbà ni nǹkan bíi Subject àti ẹni tó rán an. Nítorí náà ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kan tí kì í yí padà síwájú Subject, bíi [OORU-PÀJÁWÌRÌ] (kọ ọ́ láìsí àmì ohùn tí ọ̀gá bá fẹ́ràn láti máa fi fóònù wá a), kí cold room tó kàn àti iye tẹmpiréṣọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́fà ni fóònù máa fi hàn. Ṣí Gmail ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, bá a ṣe fíltà: tó bá wá láti àdírẹ́sì script, tí ọ̀rọ̀ yẹn sì wà nínú Subject, má gbé e lọ sí spam láéláé, máa kà á sí pàtàkì, fi lébẹ́ẹ̀lì kan sí i. Lẹ́yìn náà gba fóònù ọ̀gá, wọ inú sẹ́tínsì Gmail lórí Android, ní kí lébẹ́ẹ̀lì yẹn máa dún fún gbogbo ímeèlì tó bá wọ ọ́, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì ju gbogbo hẹ́dà tí o lè kọ lọ. Àmọ́ tí ọ̀gá bá ra fóònù tuntun, o máa tún ti dídún yẹn ṣe o.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì tó sọnù yẹn ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Inú "Show original" kan náà yẹn, o máa rí àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Received. Láti ìsàlẹ̀ sókè ni wọ́n ń kà wọ́n, torí server kọ̀ọ̀kan tí ímeèlì bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á lẹ òǹtẹ̀ tiẹ̀ mọ́ òkè. Fi aago Date, tí script rẹ kọ, wé aago Received tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tí ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú bá ti lọ láàárín méjèèjì yẹn, ímeèlì náà ò tíì kúrò nínú cold room yín nígbà yẹn. Mi ò tíì rí hẹ́dà rẹ, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n ta tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ni màá ta á sí. Iná lọ, àbí? Ráútà wo ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún Pi? Ṣé bátìrì wà lẹ́yìn ẹ̀, àbí iná kan náà tó lọ ló ń lò? Pi rẹ lè wà lórí páwábáńkì kó máa wo ooru tó ń wọlé, kó máa kọ ímeèlì, kí ráútà sì ti sùn lọ fọnfọn, tó bá wá di ìgbà tí ẹnì kan tan jẹnẹrétọ̀ ni ímeèlì tó rí ọ̀nà jáde. Tó bá sì jẹ́ pé Pi náà kú tó tún jí, aago inú ẹ̀ kò ṣe é gbára lé, torí àwọn Pi títí dé èyí kẹrin kò ní bátìrì aago nínú, wọ́n ń dúró kí íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ aago fún wọn ni, nítorí náà 2:10 yẹn gan-an lè má jẹ́ 2:10.

Tí àlàfo yẹn bá jẹ́ láàárín Received méjì, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn server. Server tó fẹ́ gbà á lè sọ pé "n ò rí àyè báyìí, padà wá", ó máa ń fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 sọ ọ́, server tó ń rán an á wá lọ jókòó. Ìgbà wo ló máa padà? RFC 5321 ní kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kó tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbà kí server máa gbìyànjú bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kó tó sọ pé òun ò rí i ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún! Bí wọ́n ṣe dá ímeèlì nìyẹn, ohun tó dá wọn lójú ni pé kó dé, wọn ò ṣèlérí pé kó dé nísinsìnyí. Èyí tó lè dín irú àìgbà bẹ́ẹ̀ kù ni kí o jẹ́ kí Gmail mọ̀ ọ́ dáadáa, SPF àti DKIM, ẹ̀rí pé orúkọ tí o fi ń rán an jẹ́ tìrẹ lóòótọ́, gbọ́dọ̀ wà lórí orúkọ yẹn, láti oṣù kejì 2024 ni Google ti ní kí gbogbo ẹni tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Gmail ní ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì. Má ṣe jẹ́ kí Pi máa rán an fúnra ẹ̀ láti orí síìmù, gba ọwọ́ server tó ní orúkọ rere, láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní port 587, kí o wọlé pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, ṣé kí o fi 1 sí gbogbo ẹ̀. Ha, mo bẹ̀ ọ́. Ọdún bíi mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo ṣe irú ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Èmi ni mo kọ script tó ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà wọn, mo sì fi high sí gbogbo nǹkan, torí lójú tèmi gbogbo ẹ̀ ló ṣe pàtàkì: ẹ̀dà data ti wà, dísìkì ti dé ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan wọlé láti ibi tí kò ti máa ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n ń pè mí, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n a rí i o. Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. Ọjọ́ Ẹtì kan dísìkì kún, script pariwo ní alẹ́ Ẹtì, ó pariwo ní Àbámẹ́ta, ó pariwo ní Àìkú, nígbà tí mo dé ní Ajé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ìyá tó ń bójú tó akáúńtì ti ṣe rúùlù kan lórí Outlook wọn, gbogbo ohun tó bá ti ní àmì pupa láti ọ̀dọ̀ mi, kó máa wọ fódà kan lọ tààrà kó má yọ àwọn lẹ́nu. Mo fẹ́ bínú. Mo wá bá wọn jókòó, a ka iye tó wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Kí ni mo fẹ́ sọ? Àmì tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i, òun gan-an ni wọ́n fi rí ohun tí wọ́n máa kó sọnù.

Nítorí náà, tèmi ni pé kí 1 wà fún ohun tó yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ wọ bàtà nìkan. Ẹja dídì yẹ kó wà ní -18 tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀, àmọ́ téèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn kó páálí jáde á gbóná díẹ̀ kó tó padà, tí script rẹ bá ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, o ti ń kọ́ ọ̀gá bí yóò ṣe máa kọ etí dídi sí ọ nìyẹn. Jẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn kó tó sọ̀rọ̀. Tó bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó dákẹ́ títí nǹkan á fi burú sí i tàbí títí á fi padà sípò, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìròyìn àárọ̀, pé gbogbo nǹkan dáa, ìyẹn lè lọ pẹ̀lú 5 tàbí kó má ní nǹkan kan lára. Fi Auto-Submitted: auto-generated sí gbogbo ẹ̀, RFC 3834 ti 2004 ló mú un wá, kí ẹni tó bá wà ní ìsinmi má bàa máa fi ẹ̀rọ dá script rẹ lóhùn.

Gbogbo ìyẹn ò tíì jí ẹnikẹ́ni lóru o. Tí n bá wà nípò rẹ, owó ímeèlì kọ́ ni màá kọ́kọ́ ná. Màá fi bátìrì kékeré sẹ́yìn ráútà. Lẹ́yìn náà màá ra módẹ́mù GSM tó ń wọ USB, irú èyí tó lè pe ohùn, kí n fi síìmù sí i, kí script máa fi ATD, àṣẹ tó ń sọ fún módẹ́mù pé kó pe nọ́ńbà, àti nọ́ńbà ọ̀gá pẹ̀lú àmì ; lẹ́yìn ẹ̀ pè é, ìpè gidi ni yẹn, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kò ní sọ̀rọ̀, fláàṣì lásán ni, àmọ́ ọ̀gá á ti fi orúkọ "ẸJA" tọ́jú nọ́ńbà yẹn, á fi sára àwọn tí fóònù ẹ̀ máa ń jẹ́ kó dún kódà tó bá ti pa ohùn ẹ̀. Àwọn kan á ní kí o ra SMS lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí API, kò burú, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lè dé nọ́ńbà tó wà lórí DND, torí ẹni tó bá ti lo 2442 láti dí SMS ìpolówó, ti ìwọ náà lè bá a lọ. Kí o sì tó ra ohunkóhun, béèrè bóyá ọlọ́dẹ máa ń sùn síbẹ̀. Tó bá ń sùn síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń hó gee lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, tí Pi á máa tàn, ló rọ̀ jù lọ́wọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, ó sì sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ ju ọ̀gá lọ.

Èyí tó kù ni pé tí Pi bá kú, kò ní rán nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀ á sì jọ ti ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dáa. Wá kọ̀ǹpútà kan tó wà níta, ibi tí iná ò kì í lọ, kí Pi máa kí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí kò bá gbọ́ ìkíni fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òun ní tiẹ̀ pariwo. Tí ìyẹn bá ti wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, bóyá Pi ló kú ni o, bóyá ráútà ni, ariwo ì bá ti wọlé kó tó di aago méjì àbọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹja ò pọ̀ nínú cold room, yọ plọ́ọ̀gì ráútà, má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí o sì máa ka aago títí ẹnì kan á fi pè ọ́. Fi iye ìṣẹ́jú tó o bá kà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwọn ìlà Received ti ọjọ́ yẹn.